Bàbá, tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Nígbà tí mo pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ mi dáwó jọ, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n 4K tó tó íǹṣì 65 fún mi. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ohun kan wà tí mi ò lè sọ létí wọn: àwòrán íǹṣì 32 tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ dára ju tirẹ̀ lọ. Ojú àwọn òṣèré ń dán bíi pé àbẹ́là ni wọ́n fi mọ ọ́n. Sinimá Òyìnbó wá dà bí fídíò ìgbéyàwó. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú nínú fíìmù, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Dìkódà, fláàṣì àti Netflix ni mo fi ń wò. Ọmọ tó wá gbé e kọ́ ní kí n lọ ra wáyà HDMI olówó ńlá kan. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oríire, ẹ̀mí yín á gùn, ara á sì le. Ẹ má tíì ra wáyà kankan. Tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́, àwọn ọmọ yín ò sì ra ayédèrú. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ń ṣe: mo ń gbé e kọ́ sára ògiri, mo ń tún un tò, mo sì ń kọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń kó wá bá mi, irú èyí tí ẹ mú wá yìí ló pọ̀ jù. Òótọ́ sì wà lẹ́nu yín. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kì í fúnra rẹ̀ dá àwòrán. Ohun tí a bá gbé fún un ló ń gbé síta, ojú rẹ̀ tó fẹ̀ yẹn ló sì ń tú àṣírí àbùkù tí kékeré ti ń bá wa bò láti ọjọ́ yìí.

Olùkọ́ ni yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Píksẹ́lì ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn àwọn tóótòòtó ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í fẹ́ rí. Ti 4K jẹ́ 3,840 níbùú, 2,160 lóròó. Tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, 8,294,400 ni. Ẹ wá rántí fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n ń tà lórí VCD, àwo pẹlẹbẹ méjì nínú páálí kan, Apá Kìíní àti Apá Kejì. Àwòrán tirẹ̀ jẹ́ 352 níbùú, 288 lóròó: 101,376 péré. Tí wọ́n bá fẹ́ kó kún ojú tẹlifíṣọ̀n yín, píksẹ́lì kan ṣoṣo ní láti fẹ̀ títí tó fi máa gba ààyè nǹkan bí 82. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn po omi mọ́ ife ọ̀gì kan títí tó fi kárí èèyàn ọgọ́rin. Kò sí bọ́tìnnì tí a máa tẹ̀ lára rìmóòtù tó máa sọ ọ́ di ẹ̀kọ mọ́. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ kàn máa gbádùn ìtàn inú rẹ̀ ni. Àwọn yòókù ni ká jọ tọ́jú.

Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyá kan pè mí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, pé kí n wá bá òun gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun padà fún ọlọ́jà, pé ó ti tan òun jẹ. Mo tan iná fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa àti funfun, ni wọ́n fi so dìkódà mọ́ ọn, wáyà tí wọ́n ti ń lò látìgbà tẹlifíṣọ̀n oníkùn gbọ̀ngbọ̀n. Wáyà HDMI tó bá dìkódà wá, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ lórí kan ṣoṣo, ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì já ọ̀rá rẹ̀ pàápàá. Mo pààrọ̀ wọn. Olùka ìròyìn kan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́. Ìyá yẹn tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Háà, léèsì ló wọ̀! Àǹkárá ni mo pè é látàárọ̀."

Orí yẹ́lò yẹn nìkan ló ń ru gbogbo àwòrán, kò sì lè ru ju ìlà 576 ti ayé àtijọ́ lọ, bó ti wù kí dìkódà dára tó. Tí yẹ́lò bá wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tiyín, a ti rí ìdajì àìsàn náà nìyẹn. Ẹ fi HDMI tó wà nínú páálí dìkódà rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò dìkódà fúnra rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n àwòrán tó ń jáde, kí ẹ gbé e sí 1080 (ìyẹn ìlà 1080, tí wọ́n tún ń kọ ní 1080p). Mo ti rí dìkódà tó dára, tí wáyà rẹ̀ náà dára, tó jẹ́ pé ẹnì kan ti fi sí 576 láti ọdún méjì, tí gbogbo ilé sì ń fi ojú méjèèjì jìyà.

Ní ti wáyà olówó ńlá, òǹkà ló ń gba inú HDMI kọjá. Ó dé tàbí kò dé. Tí kò bá dé dáadáa, àwòrán á máa já, á máa ta wínníwínní funfun, tàbí kí gbogbo rẹ̀ dúdú lójijì. Kò sí wáyà tí wọ́n fi góòlù bọ́ lórí tó máa sọ àwọ̀ pupa di pupa jù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ 4K tó ń dá dúró, tí ẹ sì nílò wáyà fún un, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "Premium High Speed" sí lára. Ó ń gbé 18 Gbps (gígábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyẹn sì tó fún 4K. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ rántí pé púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ń ti ilẹ̀kùn 4K mọ́ ẹ̀rọ ìta títí ẹ ó fi ṣí i nínú ètò: LG ń pe tirẹ̀ ní "HDMI Deep Colour", Samsung ní "Input Signal Plus", Sony ní "Enhanced format". Fún dìkódà, ẹ má da ara yín láàmú.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fláàṣì. Àwọn ọmọ tó ń kó fíìmù sí fláàṣì lẹ́bàá títì ń fi ogójì fíìmù sínú 32 GB, wọ́n sì ń fi yangàn. Yàtọ̀ sí pé ọjà olè ni, ẹ pín in wò: 800 MB ló kan fíìmù kan. Tí fíìmù yẹn bá jẹ́ wákàtí méjì, ohun tó ń dé ojú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò pé mẹ́gábíìtì kan (1 Mbps). Netflix ní ẹni tó fẹ́ wo 1080p gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó 5 Mbps, kí ẹni tó fẹ́ 4K ní 15. Báwo ni wọ́n ṣe ń fún fíìmù kékeré tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń da nǹkan nù ni. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dà nù ni èyí tí wọ́n rò pé ojú ò ní tètè ṣàkíyèsí: òjìji, èéfín, omi odò, ara ògiri tí iná ò mọ́lẹ̀ sí. Lórí íǹṣì 32, ẹ ò ní mọ̀. Lórí 65, òkùnkùn á máa rìn ní ìgúnmẹ́rin-ìgúnmẹ́rin bíi táìlì ilé ìwẹ̀. Apá kan nínú ohun tó ń jẹ́ kí òru fíìmù yín dàrú nìyẹn, kò sì sí ètò tẹlifíṣọ̀n tó lè dá ohun tí wọ́n ti sọ nù padà.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ fi fíìmù tó dára, tó tóbi, ránṣẹ́ sínú fláàṣì, ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ tún fláàṣì náà tò ("format") sí exFAT. Èyí tí wọ́n tò sí FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ, àwọn èèyàn á sì máa rò pé fláàṣì ló bàjẹ́.

Ti Netflix, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń sanwó rẹ̀: irú owó wo ló ń san? Premium nìkan ló ní 4K nínú. Kó tún wo ibi tí wọ́n ti ń ṣètò dátà nínú àkáǹtì náà, torí àwọn kan máa ń fi sí "Low" kí dátà má bàa tètè tán, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fojú wo ohun tó ń ná yín náà: 4K lè jẹ dátà tó 7 GB ní wákàtí kan, HD tó kún lè jẹ 3 GB. Fíìmù wákàtí méjì, 14 GB. Èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa fi owó ìfẹ̀yìntì ra dátà 14 GB nítorí fíìmù kan, ìdí rẹ̀ á sì yé yín tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ gbé àga sí.

Fíìmù Yorùbá tuntun, YouTube ni púpọ̀ nínú wọn wà báyìí. Ẹ tẹ àmì "Settings" tó dà bí ìdérí ìgò onéyín nísàlẹ̀, ẹ yan 1080p fúnra yín, ẹ má fi sí "Auto", torí Auto máa ń bẹ̀rù: tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 480. Tí 720p bá jẹ́ èyí tó ga jù nínú ohun tó wà níbẹ̀, bí ẹni tó ṣe é ṣe gbé e síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán tó dára jù lọ láyé yìí nínú ilé, àwo ló ń rà. Àwo 4K Blu-ray lè gba tó 100 GB, ẹ fi wé 800 MB tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwo àti ẹ̀rọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, àmọ́ tí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní London tó ń bọ̀ wálé, ó lè kó o bọ̀. Àwo 4K kò ní ààlà orílẹ̀-èdè. Blu-ray lásán ló ní in: Nàìjíríà àti Ìlú Ọba jọ wà ní agbègbè B, Amẹ́ríkà wà ní A, nítorí náà èyí tí wọ́n bá rà ní Houston lè kọ̀ láti ṣí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Peckham. DVD tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: Nàìjíríà jẹ́ 5, Ìlú Ọba jẹ́ 2. Tí ẹ ò bá ní lọ́kàn láti ra ẹ̀rọ àwo, ẹ fò ó.

Ó wá ku ohun tó bí yín nínú jù, sinimá tó di fídíò ìgbéyàwó. Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, òun ló sì ń yí nǹkan padà jù lọ.

Láti ìparí àwọn ọdún 1920 tí ohùn ti wọ inú sinimá ni wọ́n ti ń ya á ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ti mọ ìrìn yẹn mọ́ sinimá, bí etí ṣe mọ ìlù dùndún mọ́ òde àríyá. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ń yí 60 tàbí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó ṣe é sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan: kó máa wo àwòrán kìíní àti èkejì, kó wá fúnra rẹ̀ hun àwọn tí kò sí láàárín wọn. Bí gbogbo nǹkan ṣe ń yọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ nìyẹn, tí òṣèré tó ń rìn lọ nínú ìjì fi dà bí ẹni tó ń jó wọlé ìgbéyàwó. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́: LG ní "TruMotion", Sony ní "Motionflow", Samsung ní "Picture Clarity" tàbí "Auto Motion Plus" nínú àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ẹ lọ pa á. Láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń tàn án sílẹ̀.

Ẹ fẹ́ rí i lójú ara yín? Ẹ wá fíìmù tí àgbà òṣèré tó kọ pélé wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yí orí láti ọ̀tún sí òsì. Tí ọgbọ́n yìí bá wà ní títàn, pélé yẹn lè dàrú tàbí kó parẹ́ nígbà tí orí ń yí, tó bá dúró, á tún padà. Ilà tí olóòlà fi abẹ kọ láti kékeré, ẹ̀rọ ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́ padà. Ojú àbẹ́là tí ẹ sọ nìyẹn. Àwọn méjì mìíràn ló jọ ń ṣe iṣẹ́ ibi náà pẹ̀lú rẹ̀: "Noise Reduction" àti "MPEG Noise Reduction". Wọ́n ń rò pé ohunkóhun tó bá rí hótóhótó jẹ́ ìdọ̀tí, wọ́n á sì nù ún. Ihò awọ ara, irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n á nù ún pátá. Ẹ pa méjèèjì fún Netflix. Tí ẹ bá ń wo fláàṣì tàbí VCD, ẹ lè fi wọ́n sí "Low", torí ìdọ̀tí gidi wà níbẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni inú ń bí. Ní December 2018, Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie ṣe fídíò kan tí wọ́n fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa ọgbọ́n yìí kí wọ́n tó wo fíìmù nílé. Ní August 2019, UHD Alliance, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ti sinimá jọ wà nínú rẹ̀, gbé "Filmmaker Mode" jáde: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọgbọ́n-kọ́gbọ́n yẹn á kú pọ̀. Tó bá wà lára tiyín, iṣẹ́ yín ti fẹ́ẹ̀ parí nìyẹn. Tí kò bá sí, "Movie" tàbí "Cinema" ló tẹ̀ lé e, àmọ́ nínú wọn, ẹ ṣì máa fi ọwọ́ pa ìyọ̀gẹ́rẹ́ yẹn. Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ lè tàn án, mi ò ní bá yín jà. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe sinimá.

Ẹ ó rí i pé tí ẹ bá kúrò ní "Vivid" tàbí "Standard" bọ́ sí "Movie", gbogbo nǹkan á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, funfun á dà bí àwọ̀ ọ̀gì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá padà ní ibi yìí. Ẹ dúró. Ẹ rántí aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa máa ń fi búlúù ṣan kó lè dà bí pé ó funfun jù? Ohun tí "Vivid" ń ṣe nìyẹn, nítorí pé àárín iná ṣọ́ọ̀bù ló ti fẹ́ pe oníbàárà. Funfun tí àwọn tó ṣe fíìmù fi ń ṣe òdiwọ̀n wà ní 6,500 kelvin, "Warm" ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹ fún ojú yín ní alẹ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ kẹrin, ẹ padà sí "Vivid", ẹ ó rí i pé gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ẹni tí òtútù ń pa.

Tó bá kan àtúnṣe kéékèèké, aṣọ wa ni mo fi ń ṣe é, mi ò kì í lo fídíò ìdánwò Òyìnbó. Mo máa ń wá ibi tí ọkùnrin kan ti wọ agbádá funfun nínú oòrùn. Tí "Contrast" bá ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láyà agbádá á sọ nù, gbogbo rẹ̀ á di funfun báláú. Mo máa ń fà á wálẹ̀ títí òwú iṣẹ́ náà á fi yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo á wá ibi tí ẹnì kan ti dé fìlà dúdú lóru. Mo á gbé ìwọ̀n dúdú sókè títí ìṣẹ́po fìlà á fi hàn, mo á sì dúró kí dúdú tó di eérú. Orúkọ bọ́tìnnì yìí máa ń da èèyàn láàmú: lára ọ̀pọ̀, "Brightness" ni, lára Sony, "Brightness" ni ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, "Black level" ni ti dúdú. Aṣọ òkè ni mo fi ń wo "Sharpness". Tí ó bá ga jù, òwú kọ̀ọ̀kan á ní ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Ìlà yẹn kò sí nínú fíìmù, tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Lára púpọ̀ nínú wọn, òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ òdo ló dára. Lára Sony, àárín, 50, ni kò fi nǹkan kún un, tí kò sì yọ. "Colour," ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe bá "Movie" wá.

Òkùnkùn wá ńkọ́? Mo ti sọ ti fláàṣì. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí Netflix pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ wo "Energy Saving" tàbí "Eco", kí ẹ pa á. Ó ń bu ìmọ́lẹ̀ kù kí iná lè pẹ́, ilé tí wọ́n ti ń lo inverter ni mo sì ti ń bá a ní títàn jù. Ẹ pa èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ yàrá náà. Tí "Local Dimming" bá wà, ẹ gbé e sí "High": ó ń jẹ́ kí iná ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kú níbi tí àwòrán ti dúdú, kí dúdú lè jẹ́ dúdú.

Àmọ́ òkùnkùn kan wà tó jẹ́ ti HDR fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe fíìmù kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó dúdú nínú rẹ̀ lè jìnnà síra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nit ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, nit kan sì sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan tí wọ́n tẹ́ sórí ààyè tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Fíìmù láìsí HDR, 100 nit ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Ti HDR, wọ́n lè fi 1,000 ṣètò rẹ̀, nígbà mìíràn 4,000. Tẹlifíṣọ̀n tí kò wọ́n púpọ̀ lè má ju nǹkan bí 300 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ HDR gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ó wá ní láti fún gbogbo rẹ̀ mọ́ra kó lè wọ̀ ọ́, tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi òkùnkùn á rì. Tí àmì Dolby Vision, tó jẹ́ oríṣi HDR kan, bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ ètò àwòrán, ẹ yan èyí tó mọ́lẹ̀ nínú méjèèjì, "Bright" tàbí "Cinema Home", ẹ fi èyí tí wọ́n pè ní "Dark" sílẹ̀ fún ilé tí wọ́n ti pa gbogbo iná. Lára LG, "Dynamic Tone Mapping" ń ṣèrànwọ́ fún HDR tí kì í ṣe Dolby Vision.

Àwọn kan máa ń sọ pé iná tí kò lágbára ló ń jẹ́ kí àwòrán ṣú. Ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nìyẹn, tó máa ń sún kì nígbà tí iná bá wálẹ̀. Púpọ̀ nínú ti òde òní ń gba iná láti 100 dé 240 fóltì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà láàárín ìyẹn. Ohun tó ń pa á ni iná tó bá dé lójijì pẹ̀lú agbára, nítorí náà ẹ má yọ ohun tó ń dáàbò bò ó kúrò.

Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e kọ́ náà. Àwa ará ilé yìí fẹ́ràn kí tẹlifíṣọ̀n wà lókè bí àlùmánákà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá tó ti kú. Ojú yín yẹ kó wà ní nǹkan bí àárín rẹ̀ tí ẹ bá jókòó. LCD, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀, tí a bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́, máa ń ṣí, dúdú rẹ̀ á di eérú, àwọ̀ ara á yí padà. Ẹ má jẹ́ kí fèrèsé dojú kọ ọ́, ẹ pa gílóòbù tó ń tàn sójú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ iná díẹ̀, kó wá láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga tí mo ní ẹ dúró dè nìyí. Íǹṣì 65 tóbi tó 165 sẹ̀ǹtímítà láti igun dé igun. Fún sinimá, mítà méjì sí méjì ààbọ̀ ló dára láti jókòó sí i. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ tí mo ń wọ̀, àga wà ní mítà mẹ́rin, wọ́n tò ó yí ògiri ká bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ẹbí. Tí ẹ bá jìnnà tó mítà mẹ́ta, ojú tó dá ṣáṣá pàápàá kì í lè ya píksẹ́lì 1080p sọ́tọ̀ lórí íǹṣì 65, torí pé ìkọ̀ọ̀kan kò pé mìlímítà kan. A jẹ́ pé 4K tí ẹ ń fi dátà rẹpẹtẹ rà kò lè fi bẹ́ẹ̀ hàn fún yín láti ibẹ̀. Ẹ fa àga kan ṣoṣo sún mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ ti Bàbá, kí ẹ fi 1080p tó dára wo fíìmù. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wá tí wọ́n sì rà dátà, kí wọ́n wo 4K.

Dúdú tó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ sinimá Òyìnbó, ẹ má fi "Zoom" lé e lọ. Bí wọ́n ṣe ya fíìmù nìyẹn, ó fẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Tí dúdú bá sì wà ní apá ọ̀tún àti òsì fíìmù àtijọ́, ẹ má fẹ̀ ẹ́, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo òṣèré sanra lójijì. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣe níbẹ̀: níbi ìwọ̀n àwòrán, lórí HDMI, ẹ yan "Just Scan" lára LG tàbí "Screen Fit" lára Samsung. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè máa gé etí àwòrán, kó máa fẹ èyí tó kù, tí ìmọ́tónítóní rẹ̀ á sì dínkù.

Rìmóòtù kan ò ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú òmíràn, ẹ ò sì sọ irú èyí tí wọ́n rà. Ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Support" tàbí "About", ẹ ó rí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń jẹ́ "Model". Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín bá yín ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó sì tún ya ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, níbi tí wáyà dìkódà wọlé sí. Màá kọ orúkọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan fún yín bó ṣe wà lára tiyín gan-an.